Adìẹ Tí Kò Tíì Rìn

[Ìpè láti ilé ìfìwéránṣẹ́ Ìkọ̀lé sí Ìdó. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọdún 1947. Àwọn tó wà lórí wáyà: Ògúnrìndé, tó ń to eegun ní Ìkọ̀lé, Fọláhàn, àbúrò rẹ̀, ní Ìdó, Festus, akọ̀wé tó ń mójú tó wáyà ní Ìkọ̀lé.]

[Wáyà ń hó. Agogo dún lẹ́ẹ̀mejì.]

FESTUS: Hẹ́lò, Ìdó? Hẹ́lò! Ìkọ̀lé nìyí. Ẹni tẹ́ ẹ ń retí ti dé. Bàbá, ẹ gbẹ́nu síbí. Kì í ṣe ibẹ̀ yẹn. Ibẹ̀ yẹn la fi ń gbọ́.

ÒGÚNRÌNDÉ: Ta ló wà níbẹ̀?

FỌLÁHÀN: Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé dáadáa lẹ jí?

ÒGÚNRÌNDÉ: A dúpẹ́. Ulé ńkọ́?

FỌLÁHÀN: Ulé wà. Florence ìyàwó mi ní kí n kí yín. Ìyàwó yín ńkọ́? Àwọn ọmọ?

ÒGÚNRÌNDÉ: Wọ́n wà. Àbẹ̀bí wà. Gbogbo wọn wà.

FỌLÁHÀN: Mo rí ìwé tí ẹ fi rán awakọ̀. Ẹ ní kí n wà nídìí fóònù ní aago mẹ́wàá. Àyà mi já, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò pè mí báyìí rí. Ṣé kò sí—

ÒGÚNRÌNDÉ: Kí ló máa sí? Ṣé mi ò lè bá àbúrò mi sọ̀rọ̀ mọ́ ni?

FỌLÁHÀN: Ẹ lè bá a sọ̀rọ̀, sà.

ÒGÚNRÌNDÉ: Má sà mí. Èmi kọ́ ni ọ̀gá rẹ ní ṣọ́jà.

FỌLÁHÀN: Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n.

ÒGÚNRÌNDÉ: Ọ̀rọ̀ pátákó rẹ ni mo bá wá.

FỌLÁHÀN: Pátákó?

ÒGÚNRÌNDÉ: Èyí tó o gbé kọ́ sójú ọ̀nà. Súnkànmí káfíńtà gun kẹ̀kẹ́ kọjá níbẹ̀, ó kà á wá fún mi. Ó ní o kọ orúkọ bàbá wa sí i gàdàgbà-gàdàgbà. Ta lo bi?

FỌLÁHÀN: Orúkọ tèmi náà kọ́ ni? F. Ògúnjọbí. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi nínú ṣọ́jà nìyẹn. F. Ògúnjọbí, Massage and—

ÒGÚNRÌNDÉ: Kí ni ìyẹn?

FỌLÁHÀN: Massage. Ká fi òróró àti ọwọ́ wọ́ ara.

ÒGÚNRÌNDÉ: Ká fi ọwọ́ wọ́ ara! Kí wá ni bàbá wa ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́? Ṣé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wọ́ ara èèyàn? O lọ jagun ní Bọ́mà, òyìnbó kọ́ ọ ní ohun tó wà lẹ́yìnkùlé wa, ó fún un lórúkọ mìíràn, o gbé e bọ̀, gbogbo ulú wá ń pàtẹ́wọ́. Uṣẹ́ wa ni! Ṣé o gbọ́ mi?

[Wáyà ń hó.]

FỌLÁHÀN: Mo ń gbọ́ yín. Ẹ rọra pariwo, àwọn tó wà níbí náà ń gbọ́ yín.

ÒGÚNRÌNDÉ: Kí wọ́n gbọ́! Wọ́n tún ní káàdì lo ń pín fún àwọn aláìsàn.

FỌLÁHÀN: Káàdì ni. Appointment ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí mo bá kọ aago mẹ́sàn-án fún, kó wá ní mẹ́sàn-án. Yàrá méjì péré ni Ògúntóyìn onílé mi fi háyà fún mi. Tí gbogbo wọn bá dé lẹ́ẹ̀kan náà, orí ara wọn ni wọ́n máa jókòó sí.

ÒGÚNRÌNDÉ: Eegun ti wá ń wo aago. Tó bá pẹ́ dé ńkọ́, o ó ní kó padà sílé?

FỌLÁHÀN: [ó rẹ́rìn-ín] Ẹ̀gbọ́n.

ÒGÚNRÌNDÉ: Má rẹ́rìn-ín. Nílé tiwa, ọjọ́ tí a bá di ẹsẹ̀ èèyàn ni a ó ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ, a ó fi ewé kan náà di tòun náà. Adìẹ ló ń sọ ọjọ́ tí èèyàn ó dìde. Ọjọ́ tó bá rìn, èèyàn náà á rìn. Kì í ṣe káàdì!

FỌLÁHÀN: Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di adìẹ mú.

ÒGÚNRÌNDÉ: O ti gbàgbé.

FỌLÁHÀN: Mi ò gbàgbé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan fún yín. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo ṣí ibí, ẹnikẹ́ni ò wá. Màá gbálẹ̀, màá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, màá jókòó. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo tọ́jú, àgbò onílé ni. Ó lọ bá àgbò ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀ kàn, ó fi ẹsẹ̀ rọ́. Ìgbà tí àgbò yẹn rìn kọjá lọ́jà ni wọ́n tó gbà pé mo mọ nǹkan kan.

ÒGÚNRÌNDÉ: Àgbò?

FỌLÁHÀN: Àgbò, Ẹ̀gbọ́n. Àgbò oníwo.

ÒGÚNRÌNDÉ: Ẹ̀n-ẹ́n. Wọn ò sọ ìyẹn fún mi. Ti Olúfẹ́mi Odò-Orò nìkan ni wọ́n ń sọ.

FỌLÁHÀN: Ẹni tó jábọ́ lórí ọ̀pẹ?

ÒGÚNRÌNDÉ: Òun náà. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá, o mọ̀ bẹ́ẹ̀? Odidi ọdún kan. Abẹ́ òrùlé mi ló ń sùn, usu mi ló ń jẹ. Ó kúrò lọ́dọ̀ mi, ó ń tiro. Ó dé ọ̀dọ̀ rẹ, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó ń gun kẹ̀kẹ́! Ó gun kẹ̀kẹ́ gba iwájú ulé mi kọjá, Fọláhàn. Ó juwọ́ sí mi!

FỌLÁHÀN: Eegun rẹ̀ ti jinná kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹ̀yin lẹ tò ó, ó sì gún régé. Iṣan ló gan. Mo kàn ń nà án fún un lójoojúmọ́ ni, mo ní kó máa gbé e sókè, kó máa gbé e sílẹ̀. Mo sọ fún un pé—

ÒGÚNRÌNDÉ: Kò sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jà Ayébọ̀dé! Ó ní ọwọ́ bàbá wa, ọ̀dọ̀ àbúrò ló gbà lọ. Mo dúró níbẹ̀, mo fẹ́ ra iyọ̀. Gbogbo wọn yíjú wò mí. Mi ò ra iyọ̀ mọ́. Mo yí padà, mo rìn dé ulé láìkí ẹnikẹ́ni. Àbẹ̀bí bi mí pé iyọ̀ dà, mo fi igbá lulẹ̀.

FỌLÁHÀN: Ẹ̀gbọ́n, ìwo òróró tí bàbá wa fi ń to eegun, ta ni wọ́n gbé e lé lọ́wọ́ kí wọ́n tó kú?

ÒGÚNRÌNDÉ: Kí ló kan ìyẹn?

FỌLÁHÀN: Ẹ̀yin ni. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Mo ń wò. Wọn ò wo ibi tí mo wà. Mo dé Bọ́mà, mo ṣì ń rí ìwo yẹn lójú oorun. Ẹ rò pé ẹ̀yin nìkan ni nǹkan ń dùn?

ÒGÚNRÌNDÉ: Ìwo! Ìwo lo rí. Ta ló di ọwọ́ wọn mú títí wọ́n fi kú? Bí mo ṣe gba ìwo tán, wọ́n ní, "Fọláhàn dà?" Ìwo wà lọ́wọ́ mi, wọ́n ń wá ẹ! Ṣé o gbọ́—

FESTUS: Ẹ forí jì mí. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ti pé.

ÒGÚNRÌNDÉ: Festus, apá tó o fi di wáyà yẹn mú, ta ló tò ó?

FESTUS: Ẹ̀yin ni, Bàbá.

ÒGÚNRÌNDÉ: Jẹ́ ká sọ̀rọ̀.

FESTUS: Ẹ máa bá a lọ.

[Wáyà ń hó.]

FỌLÁHÀN: Ẹ̀gbọ́n? Yèyé wa ńkọ́?

ÒGÚNRÌNDÉ: Wáyà yìí ń pariwo jù.

FỌLÁHÀN: Mo ní Yèyé ńkọ́? Ṣé wọ́n ti dé láti Ọ̀rìn?

ÒGÚNRÌNDÉ: Ta ló lọ... ẹ̀n, Ọ̀rìn. Wọ́n wà.

FỌLÁHÀN: Mo ti múra láti wá ní Sátidé wo ẹsẹ̀ wọn tó ṣẹ́, kí ìwé yín ti Fúráìdé tó dé. Ẹ ní kí n má wulẹ̀ wá mọ́, pé adìẹ ti rìn, Yèyé ti dìde, wọ́n ti lọ kí ẹ̀gbọ́n wọn l'Ọ̀rìn. Mo ka ìwé yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Obìnrin àádọ́rin ọdún, ọjọ́ mẹ́rìnlélógún péré. Mi ò lè ṣe irú ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Florence ní ìlara ló ń yọ mí lẹ́nu.

ÒGÚNRÌNDÉ: Ṣé òótọ́ ló sọ?

FỌLÁHÀN: Òótọ́ ni.

ÒGÚNRÌNDÉ: Hmm. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

FỌLÁHÀN: Àmọ́ Ọ̀rìn ò jìnnà síbí, Ẹ̀gbọ́n.

ÒGÚNRÌNDÉ: Kí lo wí?

FỌLÁHÀN: Mo ní Ọ̀rìn ò jìnnà. Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀ lánàá. Mo fẹ́ fojú ara mi rí ẹsẹ̀ náà. Wọ́n ní àwọn ò fojú kan Yèyé láti ìgbà ìkórè.

[Wáyà ń hó.]

FỌLÁHÀN: Ẹ̀gbọ́n? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ÒGÚNRÌNDÉ: O ń tọpinpin mi.

FỌLÁHÀN: Níbo ni Yèyé wà?

ÒGÚNRÌNDÉ: Wọ́n wà lórí ẹní.

FỌLÁHÀN: Ẹní wo?

ÒGÚNRÌNDÉ: Ẹní kan náà. Nínú yàrá mi. Wọ́n dìde, wọ́n tún padà síbẹ̀.

FỌLÁHÀN: Ẹ ní adìẹ ti rìn.

ÒGÚNRÌNDÉ: Adìẹ rìn.

FỌLÁHÀN: Ẹ̀gbọ́n.

ÒGÚNRÌNDÉ: Adìẹ mìíràn ló rìn.

FỌLÁHÀN: Ẹ tún un sọ. Wáyà gbé e mì.

ÒGÚNRÌNDÉ: Wáyà ò gbé nǹkan kan mì! O gbọ́ mi. Adìẹ mìíràn ni. Adìẹ Yèyé pọ́n, o mọ̀ ọ́n, èyí tó ní ìyẹ́ funfun kan lápá. Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún, ó ṣì ń wọ́lẹ̀. Ìwọ ránṣẹ́ pé ò ń bọ̀ ní Sátidé. O ó wá pẹ̀lú báàgì rẹ. O ó bá ìyá wa lórí ẹní mi. O ó kúnlẹ̀, o ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ tí mò ń tọ́jú, o ó ní "hmm". Mo mọ "hmm" yẹn! Mo mú adìẹ Àbẹ̀bí kan tó pọ́n, tó lè rìn, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní Yèyé ní Fúráìdé. Mo gbé adìẹ Yèyé lọ sí ahéré lóko. Mo ní, "Yèyé, ẹ wò ó, ó ti rìn. Ẹ dìde." Mo fẹ́ kí wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà dè ọ́. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́. Kí o sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kí o rí wọn lórí ìdúró.

FỌLÁHÀN: Yèyé sì dìde.

ÒGÚNRÌNDÉ: Wọ́n dìde. Wọ́n rìn dé ibi ìkòkò omi. Mo gbọ́ ọ, Fọláhàn. Mo gbọ́ eegun náà. Kò ju ìgbà tí ugi gbígbẹ bá dá lọ.

FỌLÁHÀN: Olúwa mi o.

ÒGÚNRÌNDÉ: Wọn ò ké. Mo gbé wọn padà sórí ẹní. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Adìẹ tèmi ní ìyẹ́ funfun."

[Wáyà ń hó.]

FỌLÁHÀN: Wọ́n mọ̀?

ÒGÚNRÌNDÉ: Kí wọ́n tó dìde ni wọ́n ti mọ̀! Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún tí wọ́n ti jọ ń sùn, wọ́n ń fún un ní àgbàdo látọwọ́ ara wọn. Wọ́n ní, "Mo rí i pé o fẹ́ kí n dìde, ni mo fi dìde." Ṣé o gbọ́ mi? Èmi ni wọ́n dìde fún. Kì í ṣe ìwọ. Ojoojúmọ́ tí mò ń wọ́ ẹsẹ̀ wọn, ìwọ ni wọ́n ń sọ: ṣé Fọláhàn jẹun, ọwọ́ Fọláhàn rọ̀, Fọláhàn ti ṣí ulé uṣẹ́ ara rẹ̀. Mo ń fi òróró wọ́ wọn, wọ́n ń ki ìwọ! Àmọ́ ìyẹn, wọn ò ṣe irú ẹ̀ fún ọ rí. Èmi ni wọ́n ṣe é fún.

[Ó ń sunkún.]

FỌLÁHÀN: Ẹ̀gbọ́n. Ẹ gbọ́ mi. Ìka ẹsẹ̀ Yèyé, ṣé ó gbóná?

ÒGÚNRÌNDÉ: Ó tutù.

FỌLÁHÀN: Àwọ̀ ẹ̀ ńkọ́?

ÒGÚNRÌNDÉ: Àtàǹpàkò ń dúdú. Láti àná. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe pè ọ́.

FỌLÁHÀN: Okùn tí ẹ fi dì í, ó le?

ÒGÚNRÌNDÉ: Ó le. Inú ń bí mi nígbà tí mò ń dì í. Bí ẹni ń di ẹrù ni mo ṣe dì í.

FỌLÁHÀN: Ẹ tú u. Nísinsìnyí, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ má dúró dè mí. Kí wọ́n tú okùn, kí wọ́n fi ọparun tó gbé eegun ró sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ kó má baà yẹ̀, kí wọ́n má sì jẹ́ kí Yèyé dìde rárá. Ta ló wà nílé?

ÒGÚNRÌNDÉ: Àbẹ̀bí. Festus! Súnkànmí tó fi kẹ̀kẹ́ gbé mi wá, ṣé ó ṣì wà níta?

FESTUS: Ó wà níta, Bàbá. Mo ti gbọ́. Mo ń sọ fún un. [ohùn rẹ̀ jìnnà] Súnkànmí! Sáré lọ bá ìyàwó Bàbá, kí wọ́n tú okùn ẹsẹ̀ Yèyé Àpínkẹ́! Okùn nìkan! Ẹ má fọwọ́ kan ọparun!

[Ìró kẹ̀kẹ́.]

FỌLÁHÀN: Ó ti lọ?

ÒGÚNRÌNDÉ: Ó ti lọ.

FỌLÁHÀN: Ọkọ̀ kòkó Olúdáre ń gba Ìkọ̀lé lọ lọ́sàn-án yìí. Màá wà nínú ẹ̀. Tí ìka ẹsẹ̀ yẹn ò bá gbóná kí n tó dé, ọsibítù la máa gbé wọn lọ, Ẹ̀gbọ́n. Mo ń sọ ọ́ fún yín báyìí kí a má baà jà níwájú wọn.

ÒGÚNRÌNDÉ: Wọ́n á gé e.

FỌLÁHÀN: Tí a bá tètè lọ, wọn ò ní gé e.

ÒGÚNRÌNDÉ: Ó rọrùn fún ọ. Ìwọ ò nílò adìẹ. O ń fi káàdì wò wọ́n, wọ́n ń rìn. Èmi tí mo tẹ̀lé gbogbo ohun tí bàbá wa ní kí a ṣe—

FỌLÁHÀN: Mo ní adìẹ.

ÒGÚNRÌNDÉ: Kí ni?

FỌLÁHÀN: Mo ní adìẹ, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n wà lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ agbọ̀n, mo fi páànù ṣọgbà yí wọn ká. Ẹni tí eegun ẹ̀ bá ṣẹ́ tó bá wọlé síbí, mo ti lọ ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ kan nítorí ẹ̀. Àwọn olùkọ́ àti àwọn akọ̀wé tó ń gba káàdì lọ́wọ́ mi ò mọ̀. Florence nìkan ló mọ̀. Mi ò lè ní kí ẹnikẹ́ni dìde láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ lọ wo ẹ̀yìnkùlé.

ÒGÚNRÌNDÉ: Irọ́.

FỌLÁHÀN: Mo fi Ògún búra.

ÒGÚNRÌNDÉ: Ìwọ onígbàgbọ́!

FỌLÁHÀN: Mo fi Ògún búra náà ni.

[Ògúnrìndé rẹ́rìn-ín.]

ÒGÚNRÌNDÉ: Adìẹ mélòó?

FỌLÁHÀN: Mẹ́rin, lónìí. Ẹ̀gbọ́n, adìẹ Yèyé ńkọ́? Ṣé ẹ pa á?

ÒGÚNRÌNDÉ: Mi ò lè pa á. Mo mú ọ̀bẹ lọ sí ahéré lẹ́ẹ̀mejì. Ó wà níbẹ̀. Mo lọ fún un ní omi láàárọ̀ yìí kí n tó wá.

FỌLÁHÀN: Ó ṣì ń wọ́lẹ̀?

[Wáyà ń hó.]

FỌLÁHÀN: Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ÒGÚNRÌNDÉ: Ó fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Láàárọ̀ yìí. Ó rìn wá gba àgbàdo lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, Fọláhàn. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù nígbà yẹn. Ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò lè fi mú sùúrù nítorí rẹ.

[Wáyà ń hó gan-an.]

FỌLÁHÀN: Ẹ gbé e... bọ̀ wálé... ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kí wọ́n rí i. A óò bẹ̀rẹ̀ láti... Màá ní ẹ̀yin lẹ pè mí pé kí n wá di ẹsẹ̀ mú fún yín. Ẹ̀yin lẹ ó tò ó. Ẹ gbé ìwo... jáde. Mi ò ní sọ nǹkan míì níwájú ẹnikẹ́ni.

ÒGÚNRÌNDÉ: Wò ó! Oore yẹn náà, ìwọ ni wọ́n ó yìn fún un.

FỌLÁHÀN: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́—

ÒGÚNRÌNDÉ: Máa bọ̀. Mo ní kí o máa bọ̀. Àmọ́ má wọ aṣọ funfun yẹn.

FỌLÁHÀN: Kí lẹ... mi ò gbọ́...

ÒGÚNRÌNDÉ: Aṣọ funfun! Kóòtù tó o fi ń ṣiṣẹ́! Má wọ̀ ọ́ wọ ulé mi. Bá mi wá bí ọmọ bàbá wa. Wọ bùbá. Ṣé o gbọ́ mi?

[Wáyà ń hó.]

ÒGÚNRÌNDÉ: Fọláhàn?

FỌLÁHÀN: ...sọ pé... kí n wọ...?

ÒGÚNRÌNDÉ: Yèyé máa ń fi aṣọ yẹn yangàn fún àwọn tó bá wá kí wọn. Wọn ò tíì rí i rí. Wọ́n ní ó ní láti mọ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú.

[Wáyà ń hó.]

ÒGÚNRÌNDÉ: Ṣé o gbọ́ mi? Wọ̀ ọ́. Mo ní kí o wọ̀ ọ́. Wọ̀ ọ́ wá, kí wọ́n rí ọ. Fọláhàn? Ṣé o gbọ́—

[Wáyà já.]